Bí A Ṣe Lè Kan Àpótí Géèmù Àtijọ́ ní Crusher, Lọ́kọ́ja

Pákó ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ ní àpótí géèmù ayé àtijọ́ nínú ilé rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń dúró níwájú rẹ̀, tó ní ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère, sábà máa ń kọ́kọ́ sáré wá ẹ̀rọ tí yóò wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe ni. Ẹ̀rọ náà lè má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìrọ̀lẹ́ kan péré sì tó láti tò ó. Àpótí tí yóò gbé e ró ló ń gba ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, òun náà ni yóò sì pinnu bóyá àwọn ará ilé á ṣì máa ta géèmù náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tàbí wọ́n á fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Crusher, lápá Felele nílùú Lọ́kọ́ja, jẹ́ ibi tó yẹ kí a ti ronú sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ní ọgbà ní Felele, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì pọ̀ sí ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń tẹ̀ lé. Káfíńtà, ẹni tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe, ẹni tó ń gé gíláàsì, ẹni tó ń tẹ síìtíkà àti bánà: ọwọ́ mẹ́rin tí àpótí géèmù nílò nìyẹn, kò sì sí ìlú ńlá kan ní Nàìjíríà tí wọn ò sí. Ohun tí ó máa ti òkè òkun wá kò ju ọ̀pá ìdarí, bọ́tìnnì àti pátákó iná kékeré kan tí wáyà wọn ń wọ̀.

Kí ló tilẹ̀ mú àpótí náà rí bó ṣe rí? Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ Atari gbé Pong jáde ní Kalifọ́níà, wọ́n sì gbé ọ̀kan sí ilé ọtí Andy Capp's ní Sunnyvale láti dán an wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè wọ́n pé ẹ̀rọ náà ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹyọ owó ló ti kún inú rẹ̀ tí kò fi ráyè gba òmíràn mọ́. Láti ìgbà náà ni àpótí ti di ohun tó ń dá dúró láàárín èrò, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pe èèyàn, tó sì le débi pé ìfọwọ́lù ọmọ ita kò lè fọ́ ọ. Space Invaders tí Tomohiro Nishikado ṣe fún Taito ní Japan tẹ̀ lé e ní 1978, Pac-Man ti Namco dé ní 1980, Donkey Kong ti Nintendo ní 1981, nígbà tí Street Fighter II ti Capcom sì jáde ní 1991, ènìyàn méjì ló ń dúró níwájú àpótí kan, èjìká kan èjìká.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Jerry Lawson, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1940, jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Fairchild. Inú gáréèjì ilé rẹ̀ ló ti ṣe géèmù olówó ẹyọ kan tó ń jẹ́ Demolition Derby ní àárín ọdún 1970 sí 1979. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi í ṣe olórí àwọn tó ṣe Fairchild Channel F, tó jáde ní 1976, ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tí èèyàn lè fa káàtírììjì tó ní ìlànà géèmù kan nínú yọ kí ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń kan àpótí nínú ilé rẹ̀ lónìí, ipa ẹsẹ̀ Lawson ló ń tọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilé géèmù tí ọ̀pọ̀ dàgbà sí ni yàrá tí wọ́n to tẹlifíṣọ̀n àti PlayStation sí, tí wọ́n ti ń sanwó fún ìfigagbága kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí wọ́n bá nà á sì dìde fún ẹlòmíì. Àpótí onípákó kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá rárá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí agbẹ́gi ti ń gbẹ́ ọpọ́n ayò olójúlé méjìlá fún ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, tó sì mọ̀ pé bí ojúlé bá jìn jù, ọwọ́ kò ní lè kó ọmọ jáde kíákíá. Ọgbọ́n kan náà la ó lò níbí: ara ẹni tó ń ta á ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n, kí a tó wọn igi.

Ìyẹn ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí. Páálí Indomie mélòó kan tí wọ́n tú palẹ̀ tó láti fi gé àwòrán ẹ̀gbẹ́ àpótí náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí wọ́n gbé e dúró mọ́ ògiri, kí àwọn tó máa lò ó sì dúró tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí tó ga ní 170 sẹ̀ǹtímítà, tí pátákó ìdarí rẹ̀ wà ní nǹkan bí 95 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, máa ń tẹ́ àgbàlagbà lọ́rùn. Apá kò gbọdọ̀ ká sókè, ọrùn kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ jù. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ga ju pátákó lọ díẹ̀, ó ti dára nìyẹn. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kéré lè kan ti orí tábìlì, tí kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ ní gíga. Ó dín owó kù, àmọ́ adùn dídúró pọ̀ kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà èyí tó ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àròkọ yìí fara mọ́.

Lẹ́yìn páálí ni pákó. Ohun méjì ni káfíńtà máa ń fi lọ èèyàn: plaiwúùdù, tí wọ́n fi ìpele igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ra, àti MDF, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gúlùù tẹ̀ pọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, MDF ni ọ̀pọ̀ ń lò nítorí pé ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ọ̀dà sì ń jókòó dáadáa sí i lára. Ní Lọ́kọ́ja, plaiwúùdù ló sàn. Ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ni ìlú náà wà, omíyalé 2012 àti ti 2022 sì fi han gbogbo ayé bí omi ṣe lè wọ ibẹ̀. MDF tí ìdí rẹ̀ bá mumi yóò wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, kò sì ní padà sípò mọ́. Plaiwúùdù máa ń rọ́jú díẹ̀ sí i. Ó tún fúyẹ́, skúrù sì ń di etí rẹ̀ mú ju ti MDF lọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n fi oògùn ikán pa ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún, kí wọ́n sì kan ẹsẹ̀ tàbí táyà kékeré sí ìdí rẹ̀ kí pákó má fara kanlẹ̀.

Pákó kan ní ọjà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn, èyí tó jẹ́ 122 sẹ̀ǹtímítà sí 244. Èyí tó nípọn tó 18 mílímítà, tí àwọn káfíńtà ń pè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, ló yẹ. Ìṣirò rẹ̀ dùn mọ́ni: bí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò jáde lára pákó kan ṣoṣo, àyè tí ayùn jẹ á sì wà láàárín wọn. Pákó kejì yóò ṣe iwájú, orí, ìdí, àtẹ́lẹ̀ pátákó ìdarí àti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi rúlà wọn bí pákó náà ṣe nípọn tó kí wọ́n tó fàlà sí i, torí pé èyí tí wọ́n bá kọ 18 sí lára lè má pé 18.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni gígé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fi mílímítà mẹ́ta yàtọ̀ sí èkejì, gbogbo ohun tí wọ́n bá kàn sáàárín wọn ni yóò wọ́. Ọgbọ́n àwọn àgbà káfíńtà ni pé kí wọ́n gbé pákó méjèèjì léra, kí wọ́n fi ìdìmú dè wọ́n pinpin, kí wọ́n sì gé wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ó bá tẹ̀, ayùn iná onítẹ́ẹ́rẹ́ ló máa gbà á, sáńpépà á sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ oníwọ̀n ínṣì kan mọ́ inú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gúlùù funfun àti skúrù, kí ó jẹ́ ibi tí pákó yòókù yóò fara tì. Bẹ́ẹ̀ ni skúrù kankan kò ní hàn níta. Ẹ̀yìn àpótí ni kí wọ́n má ṣe fi gúlùù lẹ̀. Ìlẹ̀kùn ni kí wọ́n fi ṣe, nítorí ó dájú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wáyà kan yóò já nínú rẹ̀.

Pátákó ìdarí ló yẹ kí gbogbo sùúrù lọ sí. Àyà àpótí tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà kò tó fún àgbà méjì láti dúró láìfi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, nítorí náà kí pátákó náà yọ síta díẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ó tó 75. Street Fighter II ń lo bọ́tìnnì mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́ta fún ìtàpá. Èèyàn méjì á jẹ́ méjìlá, bí a bá fi bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ méjì àti bọ́tìnnì owó méjì kún un, ó di mẹ́rìndínlógún. Pac-Man kò ní bọ́tìnnì kankan tí wọ́n fi ń ta á, ọ̀pá ìdarí nìkan ló ń lò, ọ̀nà mẹ́rin péré ni ọ̀pá náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá ọlọ́nà mẹ́jọ ta á, yóò máa kọsẹ̀ ní gbogbo orígun. Àwọn ọ̀pá tó dára ní àwo kékeré kan lábẹ́ tí wọ́n lè yí láti sọ mẹ́jọ di mẹ́rin. Owó díẹ̀ tí wọ́n bá fi kún un fún ìyẹn kò ṣòfò.

Ihò bọ́tìnnì ará Japan jẹ́ 30 mílímítà, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 28, nítorí náà bọ́tìnnì ni kí ó kọ́kọ́ dé kí dírílì tó ṣiṣẹ́. Èyí tó ní nọ́ọ̀tì lábẹ́ ni kí wọ́n rà, torí pé irú èyí tó ń fi eyín ha kò lè di pákó tó nípọn mú. Kí ẹni tó máa ta géèmù náà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé páálí, kí wọ́n fàlà yí ìka rẹ̀ ká, kí wọ́n sì to ihò tẹ̀ lé bí ìka ṣe gùn tó síra. Ìka àárín gùn ju ìka ìfábẹ̀là lọ. Bọ́tìnnì tó bá wà lórí ìlà gbọọrọ yóò mú ọrùn ọwọ́ dunni láàárín wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n bá ń lu pákó, kí àjákù igi kan wà lábẹ́ rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ má baà ya.

Wàyí o, a dé ọ̀dọ̀ atúnrédíòṣe, iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì pọ̀. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni swíìṣì kékeré kan wà tó ń dún “kẹ́” bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Wáyà méjì ń tinú rẹ̀ lọ sí pátákó iná tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì báyìí báyìí, okùn USB kan ló sì so pátákó náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ọjà kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n jó léèdì, ẹnu wáyà ni wọ́n máa ń tì bọ inú rẹ̀. Fún ojú àpótí náà, móńítọ̀ tòkunbọ̀ oníwọ̀n ínṣì 19, èyí tí ìbú àti gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí àwọn ọ́fíìsì ti ń lé jáde, sàn ju tẹlifíṣọ̀n gbọọrọ ti òde òní lọ, torí pé tẹlifíṣọ̀n oníwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́ta ni wọ́n ṣe àwọn géèmù náà fún. Kí ó sùn sẹ́yìn díẹ̀, kí iná àjà má ṣe tàn sí i lójú. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ìdí ńlá máa ń fi àwòrán wọn hàn dáadáa jù, òtítọ́ ni, àmọ́ inú rẹ̀ máa ń ní iná tó ju 20,000 fólítì lọ, ó sì lè fi í pamọ́ kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ okùn rẹ̀ lára ògiri. Kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe atúntẹlifíṣọ̀nṣe má ṣe ṣí i.

Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ń fi sínú rẹ̀ ni Raspberry Pi, tí àwọn ará Cambridge ní ìlú Ọba gbé jáde ní 2012. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń sín àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ ni wọ́n máa ń gbé lé e. Baba wọn ni MAME, tí Nicola Salmoria, ará Ítálì, kọ́kọ́ gbé síta ní oṣù Kejì ọdún 1997. RetroPie àti Batocera jẹ́ ti ìgbà tiwa, àwọn méjèèjì sì ní ojú ìwé tí wọ́n fi ń yan géèmù láìlo kíbọọ̀dù. Síbẹ̀, fún ilé kan ní Crusher, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí kíbọọ̀dù rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìdí rẹ̀ ni iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì nígbà tí Raspberry Pi ń ṣiṣẹ́, káàdì ìrántí rẹ̀ lè bàjẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n tò á sì di àtúntò. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé ìdajì wákàtí kò mọ̀ pé iná lọ. Ẹni tó bá yan Pi, kí ó ṣe ẹ̀dà káàdì náà lọ́jọ́ tí ó bá ti tò ó tán, kí ó sì tọ́jú rẹ̀.

Ìnáwó iná kò ga. Raspberry Pi, móńítọ̀, sípíkà àti iná orí àpótí kò ju nǹkan bí 40 wáàtì lọ lápapọ̀. Bátìrì ínfátà 12 fólítì oní-100 Ah ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ lo ìdajì rẹ̀ péré kí bátìrì má baà tètè kú, géèmù yóò ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí “I better pass my neighbour” lè gbé àpótí náà pẹ̀lú fáànù àti gílóòbù láìsí wàhálà.

Ooru ni ọ̀tá tó kù. Ẹni tó bá ti gbé Lọ́kọ́ja nínú oṣù Kẹta mọ ohun tí ooru jẹ́. Ọpọlọ Raspberry Pi máa ń fa eré rẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí ó bá ti gbóná dé 80 sẹ́lísíọ́ọ̀sì, géèmù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Kí káfíńtà lu ihò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti sí òkè, kí afẹ́fẹ́ tútù wọlé nísàlẹ̀, kí gbígbóná jáde lókè, kí wọ́n sì kan fáànù kọ̀ǹpútà kan sí ihò òkè. Nẹ́ẹ̀tì wíńdò ni kí wọ́n fi bo àwọn ihò náà, torí alángbá àti aáyán.

Ní ti owó ẹyọ, àpótí ìlú òyìnbó ní ihò tí wọ́n ń sọ owó sí. Banki Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé ẹyọ owó 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì jáde ní 2007, ṣùgbọ́n wọ́n ti kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Bọ́tìnnì owó ló rọ́pò ihò náà: ẹ tẹ̀ ẹ́, géèmù gbà pé ẹ ti sanwó.

Ọ̀rọ̀ òfin ṣe pàtàkì, kò sì yẹ kí a gbójú fò ó. MAME fúnra rẹ̀ kò rú òfin, láti 2016 sì ni ó ti di sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò kó sì tún un kọ. Àwọn géèmù ni ó ní olówó. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, ń dáàbò bo iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n orí lórílẹ̀-èdè yìí, ti kọ̀ǹpútà wà lára rẹ̀. Àwọn tó ní Gridlee àti Robby Roto ti gbà kí àwọn èèyàn gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì MAME, bí wọn kò bá ti fi wọ́n ṣòwò. Àwọn ilé iṣẹ́ bí Capcom àti Namco ṣì ń ta géèmù wọn àtijọ́ pọ̀ lójú kan fún kọ̀ǹpútà. Èyí tó dára jù lójú òǹkọ̀wé yìí ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ tiwọn. Scratch wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2007, Python náà wà. Abiola Olaniran jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ kó tó dá Gamsole sílẹ̀ láti máa ṣe géèmù fóònù. Àpótí onípákó tó wà ní yàrá kan ní Felele lè jẹ́ ibi tí ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ ló kẹ́yìn, ó sì yá. Ẹni tó ń tẹ síìtíkà SAV fún ọkọ̀ àti ilé ìtajà ni yóò tẹ àwòrán ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ pátápátá. Orí àpótí ni orúkọ rẹ̀ máa ń wà, lẹ́yìn gíláàsì, pẹ̀lú ìlà iná LED oní-12 fólítì lẹ́yìn rẹ̀. Kí orúkọ náà jẹ́ Yorùbá, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i.

Lára pákó àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tán, àjákù kan yóò ṣẹ́kù tó gùn ní 122 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ ní nǹkan bí 74. Ẹ jọ̀wọ́, kí káfíńtà má ṣe gbé e lọ. Ó tó láti fi kan àpótí ìtẹ̀sẹ̀ kan, 25 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, fún ọmọ ilé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó ọ̀pá ìdarí.